Iṣẹ́ Abẹ Òpójẹ̀ Ọrùn: Ṣé Kí Bàbá Sùn Ni, Àbí Kí Ojú Wọn Là Sílẹ̀?



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní London, Manchester, Houston tàbí Chicago. Nígbà mìíràn, ìpè tí a kì í fẹ́ gbọ́ máa ń dé: ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ṣàdéédéé kú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnu wọn wọ́, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ tún padà bọ̀ sípò. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ ọrùn wọn wò, òpójẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, àwọn dókítà sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹbí ti pín sí méjì. Àwọn kan á ní kí wọ́n má ṣe kun Bàbá lóorun rárá, nítorí àgbàlagbà tí wọ́n bá fún ní oògùn oorun lè má jí mọ́. Àwọn kan á ní ta ni yóò la ojú sílẹ̀ tí wọ́n á máa fi ọ̀bẹ gé e lọ́rùn? Àríyànjiyàn yìí ń jẹ ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ gan-an ni irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò ní láti fi ṣòfò.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò ṣàlàyé ohun tí oògùn apàmọ̀lára ń ṣe sí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń dé inú ọpọlọ nígbà iṣẹ́ abẹ yìí, ohun tí ìwádìí ti fi hàn, àti ìbéèrè tó yẹ kí ẹbí bi dókítà.

Òpójẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ oorun

Bí ẹ bá fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ gògóńgò yín, ẹ óò rí i pé nǹkan kan ń lù kì-kì-kì níbẹ̀. Òpójẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní kàrótíìdì nìyẹn. Ọ̀kan wà ní apá ọ̀tún, ọ̀kan wà ní apá òsì. Àwọn méjèèjì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ. Méjì mìíràn tí kò tóbi tó wọn ń gba inú eegun ẹ̀yìn ọrùn kọjá lọ sókè.

Orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Gíríìkì, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí iyè ènìyàn ra bí ẹni tó sùn wọra. Àwọn àgbà ayé ìgbà náà ti mọ̀ pé bí a bá fún òpójẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹni náà á dákú. Ní èdè Lárúbáwá, orúkọ rẹ̀ ni ash-shiryān as-subātī. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéú mọ ọ̀rọ̀ náà subāt: òun ni Ọlọ́hun lò fún oorun wa nínú Súrà An-Naba'i. Nítorí náà, ìbáṣepọ̀ òpójẹ̀ yìí pẹ̀lú oorun ti wà nínú orúkọ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ọpọlọ ènìyàn kò ju ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń lo bíi ìdá 20 nínú 100 ọ́síjìn tí ara ń lò nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Kò sì ní àká tó ń kó o pamọ́ sí. Ohun tó bá wọlé báyìí ló ń jẹ báyìí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dáwọ́ dúró pátápátá, láàárín bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10, ènìyàn á dákú. Bó bá sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, apá kan ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, èyí tó kú kì í sì í jí.

Ìdí tí wọ́n fi ń la òpójẹ̀ náà

Bí ọjọ́ orí bá ń pọ̀ sí i, pàápàá lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí ẹni tó ń mu sìgá, ọ̀rá àti ìdọ̀tí líle máa ń lẹ̀ mọ́ ara òpójẹ̀ yìí nínú, bí ìdọ̀tí ṣe ń dì mọ́ inú páìpù omi. Èyí tó léwu jù nínú rẹ̀ ni pé ẹyọ kan lè já kúrò lára ìdọ̀tí náà, kí ó bá ẹ̀jẹ̀ lọ dí òpójẹ̀ kékeré nínú ọpọlọ. Ìyẹn ni rọpárọsẹ̀. Bó bá yára tú, ọwọ́ tó kú á padà bọ̀ sípò, ojú tó ṣú á là. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dúpẹ́, wọ́n á sì gbàgbé, wọn kò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni.

Ní 1953, oníṣẹ́ abẹ Michael DeBakey la òpójẹ̀ ọrùn aláìsàn kan ní Houston, ó sì kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Ní 1954, Felix Eastcott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Mary's ní London ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin kan tí ìkìlọ̀ rọpárọsẹ̀ ti ń yọ lẹ́nu léraléra. Kí wọ́n tó dí òpójẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ mú gbogbo ara rẹ̀ tutù gan-an, kí ebi ọ́síjìn má bàa pa ọpọlọ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ọpọlọ ti ń kó àwọn dókítà lọ́kàn sókè.

Èrè iṣẹ́ abẹ náà kò sì kéré. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní 1991 wo àwọn tí ìkìlọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, tí òpójẹ̀ ọrùn wọn sì ti dí tó ìdá 70 sí 99 nínú 100. Láàárín ọdún méjì, 26 nínú 100 àwọn tó ń lo oògùn nìkan ló ní rọpárọsẹ̀ ní apá ibi tí òpójẹ̀ náà ti dí. Nínú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, 9 nínú 100 ni.

Ìṣẹ́jú tó gba ìṣọ́ra

Kò sí bí oníṣẹ́ abẹ ṣe lè la òpójẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde nínú rẹ̀. Ó ní láti fi irin kékeré dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ó là á, kí ó fa ìdọ̀tí jáde, kí ó sì rán an padà. Èyí lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo àsìkò náà, apá ibẹ̀ nínú ọpọlọ ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ tó ń ti apá kejì àti ẹ̀yìn ọrùn wá.

Ọlọ́hun Ọba ti ṣètò ọ̀nà fún èyí. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn òpójẹ̀ náà so kọ́ra bí òrùka, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀nà kan bá dí, ẹ̀jẹ̀ lè gba ọ̀nà mìíràn. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Willis, ṣàlàyé òrùka yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1664, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Ṣùgbọ́n òrùka náà kò pé lára gbogbo ènìyàn. Lára àwọn kan, apá kan rẹ̀ tín-ín-rín tàbí kò sí rárá. Ẹni tí òrùka rẹ̀ pé lè má mọ̀ pé wọ́n dí nǹkan kan. Ẹni tí tirẹ̀ kò pé lè bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ní ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè kì bọ inú òpójẹ̀ náà, kí ẹ̀jẹ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Kí ló dé tí wọn kì í fi í sí ọrùn gbogbo ènìyàn? Nítorí pé bí wọ́n ṣe ń kì í bọ̀ ọ́, ó lè já ìdọ̀tí lọ sókè tàbí kó ha òpójẹ̀ lára. Nítorí náà, wọ́n ní láti mọ ẹni tó nílò rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ oògùn apàmọ̀lára ti wọlé.

Ọ̀nà méjì tó wà

Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, irú oògùn tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò bíi lidocaine, kí ibẹ̀ lè kú tipiri. Aláìsàn kò ní jẹ ìrora ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Bí wọ́n bá dí òpójẹ̀, ẹnì kan á máa bá a sọ̀rọ̀, á ní kó ka òǹkà, kó sì máa tẹ nǹkan ìṣeré kékeré kan tó ń dún ní ọwọ́ apá kejì, nítorí apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ tàbí tí ọwọ́ náà dẹ̀, wọ́n mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ́síjìn kò tó, wọ́n á sì kì ọ̀pá rọ́bà náà bọ̀ ọ́. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó ènìyàn tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí ojú rẹ̀ là sábà máa ń ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ga díẹ̀, èyí sì ń ti ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ọpọlọ.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n kun aláìsàn lóorun pátápátá, kí ẹ̀rọ máa bá a mí. Àǹfààní tirẹ̀ ni pé ọpọlọ tó sùn kì í jẹ ọ́síjìn púpọ̀. Oògùn oorun máa ń dín ìwọ̀n tó ń lò kù gan-an. Ara aláìsàn kì í mira, ọkàn oníṣẹ́ abẹ náà sì balẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé oògùn oorun máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, dókítà apàmọ̀lára sì ní láti máa fi oògùn mìíràn gbé e sókè. Ẹnu aláìsàn náà ti pa, kò lè sọ pé nǹkan ń ṣe òun.

Oògùn oorun kì í ṣe oríṣi kan

Àwọn ẹbí sábà máa ń rò pé oògùn oorun, oògùn oorun náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gún sínú iṣan, tó ń jẹ́ propofol, máa ń dín iṣẹ́ ọpọlọ kù, ó sì máa ń mú kí àwọn òpójẹ̀ inú rẹ̀ sún kì, tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé ń dín kù pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n ń fà símú bí afẹ́fẹ́, bíi sevoflurane àti isoflurane, náà ń dín iṣẹ́ ọpọlọ kù, ṣùgbọ́n ó ń mú kí òpójẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, pàápàá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀. Nítorí èyí, bí wọ́n bá wọn ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọpọlọ padà bọ̀, ó sábà máa ń pọ̀ jù lára ẹni tó ń fa afẹ́fẹ́ oorun ju ẹni tí wọ́n gún ní propofol lọ.

Ṣé èyí wá túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ oorun ló dára jù? Ẹ má ṣe yára. Ní 1987, àwọn dókítà ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ òpójẹ̀ ọrùn tó lé ní 2000 yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ tó ń ka iná inú ọpọlọ fi hàn pé ebi ọ́síjìn mú bíi 18 nínú 100 àwọn tó fa isoflurane, nígbà tó mú bíi 25 nínú 100 àwọn tó fa halothane, oògùn àtijọ́. Ìyàtọ̀ náà hàn kedere lójú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aláìsàn jí, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn ní ti ẹni tó ní rọpárọsẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn dókítà ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ń wá nǹkan ṣe sí i bí ó bá ti kìlọ̀.

Ohun méjì mìíràn tún wà tó lágbára lórí ọ́síjìn ọpọlọ, tí ó wà lọ́wọ́ dókítà apàmọ̀lára bákan náà. Èkíní ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀: ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ogún ọdún, ọpọlọ rẹ̀ ti mọ́ ìfúnpá gíga lára, bí ó bá wálẹ̀ jù, ebi á pa á. Èkejì ni mímí: bí ẹ̀rọ bá ń mí fún aláìsàn ní kíákíá jù, òpójẹ̀ ọpọlọ á sún kì, ẹ̀jẹ̀ á sì dín kù. Dókítà tó bá mójú tó méjèèjì yìí ti ṣe iṣẹ́ ńlá, oríṣi oògùn oorun yòówù kó lò.

Ẹ̀rọ tó ń wo ọ́síjìn láti iwájú orí

Láti ìgbà àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ wa ti mọ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láti wo ọ́síjìn ara. Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ̀rọ yẹn kò tó. Ó lè sọ pé 99 ni ìka ní nígbà tí apá kan ọpọlọ ń jìyà. Ní 1977, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Frans Jöbsis fi hàn pé irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí lè gba ara awọ àti egungun orí kọjá, kí ó sì sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Lónìí, wọ́n máa ń lẹ nǹkan bíi báńdéèjì méjì mọ́ iwájú orí, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, nọ́ńbà á sì máa yọ lójú ẹ̀rọ. Àwọn dókítà kì í wo nọ́ńbà náà nìkan. Wọ́n ń wo bó ṣe já wálẹ̀ tó láti ibi tó wà kí wọ́n tó dí òpójẹ̀. Bó bá já ju ìdá 20 nínú 100 lọ, ọ̀pọ̀ á kà á sí ìkìlọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí náà ní àbùkù. Iwájú orí nìkan ló ń wò, kò rí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú awọ orí náà sì máa ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lójú. Ó lè pariwo lásán, ó sì lè dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìwòsàn kan fi ń lo ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ọn.

Kí ni ìwádìí tó tóbi jù sọ?

Nítorí àríyànjiyàn oorun tàbí ojú líla yìí, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní GALA. Aláìsàn 3526 ló kópa, ní ilé ìwòsàn 95, ní orílẹ̀-èdè 24. Wọ́n pín wọn sí méjì láìyan ẹnikẹ́ni láàyò: wọ́n kun àwọn kan lóorun, ojú àwọn kan là. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 2008. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn tó ní rọpárọsẹ̀, àwọn tó ní ìkọlù ọkàn, àti àwọn tó kú, jẹ́ 4.8 nínú 100 láàárín àwọn tó sùn, ó sì jẹ́ 4.5 nínú 100 láàárín àwọn tí ojú wọn là. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kò ṣeé fi gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tí ojú wọn là kò nílò ọ̀pá rọ́bà náà tó àwọn tó sùn, nítorí ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ń sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ní òpin gbogbo rẹ̀, ọ̀nà méjèèjì ló ń mú ènìyàn dé ilé lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹbí béèrè

Nítorí náà, dípò kí ẹbí máa jà lórí kí Bàbá sùn tàbí kí wọ́n má sùn, ẹ bi dókítà ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ bí ọ́síjìn ọpọlọ Bàbá bá ń dín kù, kí sì ni ẹ ó ṣe sí i?
2. Ọ̀nà wo ló mọ́ ẹ̀yin àti dókítà apàmọ̀lára yín lọ́wọ́ jù, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ sì ń ṣe é lọ́dún?
3. Ṣé àìsàn mìíràn tí Bàbá ní, bí ọkàn tó rẹ̀ tàbí ikọ́, jẹ́ kí wọ́n lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja láìmira?
4. Àwọn oògùn wo ni kí Bàbá máa lò títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ? Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí aspirin dúró fúnra yín.
5. Ọjọ́ wo ni?

Fún àwa Yorùbá, ìbéèrè kan tún kù tó ṣe pàtàkì. Bí ojú Bàbá tàbí Màmá bá máa là, èdè wo ni wọ́n máa bá wọn sọ? Àgbàlagbà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nílé lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá dáhùn nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Bí kò bá sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lè rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń dàrú. Ẹ sọ fún ilé ìwòsàn ṣáájú, kí wọ́n wá ògbufọ̀. Bí etí bá wúwo, ẹ sọ ìyẹn náà. Bí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ, oorun lè dára jù fún irú wọn.

Ìbéèrè karùn-ún yẹn ló wúwo jù. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkìlọ̀ ni rọpárọsẹ̀ ńlá sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárín ọjọ́ 14 ló ń jẹ èrè rẹ̀ jù. Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀, èrè náà ń dín kù. Ẹbí tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ìpàdé lórí fóònù, tó ní kí a kọ́kọ́ gbìyànjú àgbo, tàbí tó ní kí Bàbá lọ ṣe Umrah dé ná, lè ti pàdánù ohun tí wọ́n ń fẹ́ dáàbò bò. Ẹ ṣe àdúà, ẹ ṣe ìsìtíkárà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó parí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ànábì wa (SAW) kọ́ wa pé kí a wá ìwòsàn, kí a sì gbára lé Ọlọ́hun. Kò ní kí a fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

Ọ̀rọ̀ ìrun

Àwọn ará máa ń béèrè nípa ìrun. Kí aláìsàn kírun rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé. Bí iṣẹ́ abẹ bá máa gba àkókò ìrun méjì, ó lè pa Àìlà àti Alásàrí pọ̀. Èyí tó bá bọ́ nígbà tó sùn, kí ó san án padà bó bá ti jí tí iyè rẹ̀ sì ti pé. Bí omi kò bá gbọdọ̀ kan ojú ọgbẹ́ ọrùn, ìrọ̀rùn wà nínú ẹ̀sìn. Kí ó bi àfáà rẹ̀ bí yóò ṣe ṣe é. Kò gbọdọ̀ torí ìrun yí ọrùn tàbí tẹrí ba bí dókítà bá ní kó má ṣe é. Ó lè kírun lórí ibùsùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọn kò ní fẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti ń tín-ín-rín tẹ́lẹ̀ á máa ya wọ ọpọlọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó èrò lọ kí i lọ́jọ́ kìíní.

Àwa tí a wà nílé ńkọ́?

Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, òpójẹ̀ ọrùn tó dí kò wọ́pọ̀ tó bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Inú ọpọlọ gan-an ni tiwa ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ikùn tó yọ, iyọ̀ tí a ń wọ́n sórí oúnjẹ tó ti sè, àti àìjẹ ẹ̀fọ́ wà lára wọn.

Ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lóṣooṣù, tó ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, ti ń dáàbò bo ọ́síjìn ọpọlọ rẹ̀ láìsí ọ̀bẹ àti láìsí oògùn oorun. Bí ìkìlọ̀ bá sì dé, kódà bó jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, tí ẹnu wọ́, tí ọwọ́ kú, tí ojú kan ṣú, kí ẹ gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì fi ìmọ̀ àti ìfọkànbalẹ̀ sí ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú wọn. Àmín.